Fídíò Ọmọbìnrin Tó Ń Ká Aṣọ

Ìyá Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Orí bẹ́ǹṣì kan náà lèmi àti òun jọ jókòó sí nígbà tí a ń fi àgbà kọ́ ìwé kíkà. Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Tó bá ń sọ ìtàn, á fò síbí, á fò sọ́hùn-ún, á rẹ́rìn-ín kí ibi ẹ̀rín tó dé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tó dá a dúró, tó ní kí n jẹ́ kí òun lọ mu omi. Ìgbà kẹrin ló tó sọ ọ́ dé òpin. Bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un kò pọ̀.

Ilé alájà mẹ́rin kan ló ti ń gbálẹ̀ nígbà náà. Àjà kẹta ló máa ń gba àkókò ẹ̀ jù. Wọn kì í ṣí kọ́tìnnì ibẹ̀ rárá. Iná tó ń tàn níbẹ̀ láàárọ̀ náà ló ń tàn níbẹ̀ lọ́sàn-án. Tábìlì tò sí ìlà mẹ́fà, kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́ kan níwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé garawa àti mọ́ọ̀pù wọbẹ̀, ó rò pé fíìmù ni wọ́n ń wò.

“Mo ní, áà, ayé yìí mà ò dọ́gba o,” ó wí fún mi. “Èmi ń ti mọ́ọ̀pù, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń wo fíìmù!”

Ó sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn kó lè yọjú wo díẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú kọ̀ǹpútà.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó. Ẹ máa gbálẹ̀ yín. Ilẹ̀ yẹn ló mọ́ jù nínú gbogbo ohun tó wà níbí.”

Iṣẹ́ wọn rèé, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún un nígbà tó yá. Gbogbo ènìyàn ló ń fi fídíò sórí ayélujára. Tí ẹnì kan bá rí èyí tí kò dáa, á fẹjọ́ ẹ̀ sùn, fídíò náà á sì wá bá àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn tó gbọ́ èdè wa. Wọ́n á wò ó. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan ni Yọ Ọ́. Ọ̀kan ni Fi Sílẹ̀. Ẹ̀kẹta pupa, wọ́n ń pè é ní Ẹ Sáré. Tí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe ara ẹ̀ léṣe, tàbí tí ẹlòmíì fẹ́ ṣe léṣe, pupa yẹn ni wọ́n á tẹ̀. Àwọn kan wà níbòmíràn tí wọ́n á wá ibi tí ẹni náà wà, wọ́n á sì ké sí àwọn tó lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin fídíò ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wò lójúmọ́.

Wọ́n máa ń ṣàwàdà láàárín ara wọn. Ọmọkùnrin tó bo ojú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ń pè ní Àlùfáà, torí pé gbogbo òkú tó bá ti rí ló máa ń sọ fún pé, “Ó dàárọ̀ o.” Tí wọ́n bá jáde lọ mu tíì, ọ̀kan á ní, “Àlùfáà, òkú mélòó lo sin láàárọ̀ yìí?” Á ní, “Mẹ́sàn-án, mo tiẹ̀ tún gba ìsinmi.” Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Agbálẹ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tó yé e, ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ. Ó mọ ẹni tó ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún ẹ̀. Wọn kì í bá ara wọn sọ ọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ nílé. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pé ohun tójú wọn bá rí níbẹ̀, ẹnu wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níta.

Ìyá Ẹ̀gà jókòó ní ìlà kejì, lẹ́bàá ògiri. Yàrá òun àti ti Ìyá Agbálẹ̀ fara kan ara wọn nínú ilé tí wọ́n háyà, òun gan-an ló sì bá a wá iṣẹ́ agbálẹ̀ náà. Ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá ọmọ ẹ̀ ti bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀gà, nítorí pé bí ẹyẹ ẹ̀gà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Tó bá la ojú, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ń fọ eyín lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ gba inú ìfófòó ọṣẹ.

“Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé eyín tíṣà wa kan ń mì? Mọ́mì, ṣé èèrà máa ń fẹ́ ìyàwó? Mọ́mì, tí mo bá dàgbà, ṣé ẹ̀yin máa wá di kékeré ni?”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa,” ni ìyá ẹ̀ máa ń wí.

Ìyá Agbálẹ̀ bá a wí lọ́jọ́ kan. “Ìyá Ẹ̀gà, ọmọ yìí bi ẹ́ bóyá èèrà máa ń fẹ́yàwó, o ní ó dáa. Ṣé ìwọ lo ṣe alárinà ni?”

Ìyá Ẹ̀gà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. “Ìyá, mi ò gbọ́ ọ ni. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni mo ń rí.”

Ó ṣàlàyé. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá gbà wọ́n nímọ̀ràn ní Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ló kọ́ wọn pé tí wọ́n bá fẹ́ pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, kí wọ́n pa ohùn fídíò, kí wọ́n yọ àwọ̀ kúrò lára ẹ̀ kó di bí eérú, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwòrán náà kéré bíi páálí ìṣáná. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti di eérú, bí omi tó dànù lásán ló ń rí. Ohun tí a ò sì gbọ́, kì í báni dé orí ibùsùn. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ wò, ó sì ran wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Kíá-Kíá, fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, torí pé fídíò tí kò lóhùn ṣeé fi sáré, kó tètè parí. Inú ìwé òfin iṣẹ́ wọn, ó wà níbẹ̀ pé tí ẹnu ènìyàn bá ń mì nínú fídíò, kí wọ́n ṣí ohùn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin fídíò, ta ni ẹnu ẹ̀ kì í mì?

“Nísinsìnyí, tí mo bá délé, ohùn á kàn lọ fúnra ẹ̀,” Ìyá Ẹ̀gà wí. “Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń wojú yín yìí? Ètè yín ni mò ń kà.”

Ìyá Agbálẹ̀ rò pé àárẹ̀ ni. Ó ní kó máa sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀, oòrùn wà níta bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí i. Ìyá Ẹ̀gà ti wo bí àádọ́fà fídíò kí èyí tó kàn án. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ogún ọdún lọ, nínú yàrá kékeré kan tó mọ́ tónítóní. Ó jókòó sórí ìbùsùn, aṣọ kún iwájú ẹ̀, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣòkòtò lọ́tọ̀, búláòsì lọ́tọ̀. Ẹnu ẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kọrin, tàbí bí àwọn obìnrin tó máa ń kọ́ni níṣẹ́ ilé lórí ayélujára. Ẹnì kan ti fẹjọ́ fídíò náà sùn, ṣùgbọ́n kí ni àwọn ènìyàn kì í fẹjọ́ ẹ̀ sùn? Àwọn kan ń fẹjọ́ ológbò sùn. Ìyá Ẹ̀gà fi fídíò náà sáré, ó wò ó títí aṣọ fi kù díẹ̀, ó tẹ Fi Sílẹ̀. Ìjà àwọn ọmọkùnrin kan ló kàn.

Ohun kan ṣoṣo tó rántí nínú ẹ̀ ni pé ọmọ náà mọ aṣọ ká. Apá aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń ṣẹ́ sínú, kó tó wá ká ìyókù lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ká yunifọ́ọ̀mù Ẹ̀gà bẹ́ẹ̀, ó kọ́ Ẹ̀gà náà, ó sì fi han Ìyá Agbálẹ̀ pé ẹ wò ó bó ṣe jókòó dáadáa, kò ní rún.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Kíá-Kíá pè é sí ọ́fíìsì ẹ̀. Ilẹ̀kùn gíláàsì ló wà níbẹ̀, Ìyá Agbálẹ̀ ń nu gíláàsì náà lọ́wọ́. Òun ò pe ara ẹ̀ ní ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́, ó kàn ń nu gíláàsì ni, ó sì nù ún títí kò sí ohun tó kù níbẹ̀ láti nù.

“Màdáámù, ẹ jókòó, kíá ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ rántí fídíò yìí?”

“Mo rántí. Ẹni tó ń ká aṣọ.”

“Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?”

Ìyá Ẹ̀gà mi orí.

“Àwọn ará òkè, àwọn ọ̀gá wa, ní kí ẹ gbọ́ ọ. Òfin ni, ẹ má bínú. Ẹ ki íápíìsì bọ etí.”

Ohun tó gbọ́ nìyí. Ó sọ ọ́ fún Ìyá Agbálẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì sọ ọ́ lásọtúnsọ débi pé òun náà mọ̀ ọ́n lórí. Ọmọbìnrin náà ní: “Bulúù yìí, ti àbúrò mi ni, kí wọ́n fún un. Èyí, mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tètè dá a padà, kó má bínú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ṣé ẹnì kankan ń gbọ́ mi? Tí ẹnì kan bá ń gbọ́ mi, ẹ pè mí. Fóònù mi wà ní títàn. Mo máa dúró dè yín títí di agogo mẹ́wàá àbọ̀.” Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ tó kẹ́yìn, ó gbé fóònù lé orí itan, ó jókòó, ó ń wò ó. Ibi tí Ìyá Ẹ̀gà ò wò dé nìyẹn.

Ó yọ íápíìsì létí. “Agogo mélòó ni mo tẹ Fi Sílẹ̀?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Ẹ sọ fún mi, sà.”

“Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Ọmọ náà ńkọ́?”

Ọ̀gá Kíá-Kíá wo ilẹ̀kùn, ó wo òrùlé. “Wọ́n ti sin ín lánàá. Ẹ gbọ́, Màdáámù, kò sẹ́ni tó dá yín lẹ́bi. Àṣìṣe kan péré ni wọ́n kọ fún yín. Máàkì yín á kúrò ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, á di mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ṣì dáa gan-an. Àwọn mìíràn tó wà níta yẹn ò tiẹ̀ tó àádọ́rùn-ún. Ẹ lọ bọ́jú, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́. Kíá.”

Ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Ìyá Agbálẹ̀ ti bá a. Ó jókòó sórí táìlì, kò sunkún.

“Ìyá, ogún ìṣẹ́jú.”

“Ogún ìṣẹ́jú kí ni?”

“Ogún ìṣẹ́jú ṣì kù. Ó ń dúró. Mo wò ó, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀.”

“Ìyá Ẹ̀gà, kì í ṣe ìwọ lo pa á.”

“Mo mọ̀,” ó wí. “Èmi kọ́ ni. Èmi kàn ni ẹni tó gbé fóònù tí kò dáhùn.”

 Ìyá Agbálẹ̀ rẹ aṣọ ìnulẹ̀ tó mọ́ sínú omi tútù, ó fi nù ún lójú.

Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ onímọ̀ràn. Ọkùnrin náà fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tirẹ̀. Ó ní kó di ojú, kó mí sínú, kó mí síta, kó sì rí odò kan tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ lọ́kàn ẹ̀.

“Odò wo?” Ìyá Ẹ̀gà bi í.

“Èyíkéyìí tó bá wù yín.”

“Mo ti rí ohun tó ń bẹ nínú odò, sà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, mo rí mẹ́rin.”

Ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀, ó ní kó jẹ́ òkè ńlá.

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹ̀gà ò pa ohùn mọ́. Ó ṣí gbogbo ẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kankan sáré. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń pe ìyá ẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ajá tí wọ́n ń lù, ó gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́. Iye fídíò ẹ̀ já láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sí ọ̀ọ́dúnrún, ó tún já sí igba. Àlùfáà kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Ìyá Ẹ̀gà, ṣé rédíò lo rà ni?” Kò dá a lóhùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì pé, Àlùfáà fi àga ẹ̀ sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó rọra sọ ọ́ kí ọ̀gá má gbọ́. “Ẹ̀gbọ́n, pa á. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, pa á. Ohun téèyàn rí lè lọ. Ohùn wọn kì í lọ.”

“Ta ló máa wá gbọ́ wọn?” Ìyá Ẹ̀gà wí. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Ó tẹ bọ́tìnnì pupa lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún lọ́sẹ̀ yẹn. Obìnrin tó kàn ń kọrin àdúrà, ó tẹ pupa. Ọkùnrin tó ní ebi fẹ́ pa òun kú, tó ń rẹ́rìn-ín, ó tẹ pupa. Àwọn ará òkè kọ̀wé pé ó ń da àwọn láàmú. Wọ́n fún un títí di òpin oṣù: tí iye ẹ̀ ò bá padà sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, kó má wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá burú jù, Ìyá Agbálẹ̀ wí, nítorí pé ó wá ń gbọ́ Ẹ̀gà báyìí.

Ó ń gbọ́ ọ jù. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ tí kò ní ní kó tún un sọ. “Kí lo wí? Tún un sọ. Kí lo ní lọ́kàn tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Tí Ẹ̀gà bá wà nílé ìwẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, “Ẹ̀gà, sọ̀rọ̀, kí n gbọ́ ẹ.” Ọmọ á máa kọrin níbẹ̀, kí ìyá ẹ̀ lè mọ̀ pé ó wà. Tó bá dá orin dúró láti fi omi yọ ẹnu, ìyá ẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Ẹ̀gà àti ọmọ ayálégbé kan ń ṣeré nínú ọgbà. Eré ọlọ́pàá àti olè ni. Ọmọ kejì yìnbọn fún un pẹ̀lú ìka, Ẹ̀gà sì ṣubú, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó pariwo pé, “Mo ti kú o! Ẹ ti pa mí!” Ìyá ẹ̀ já jáde láti inú yàrá. Ó gbé ọmọ nílẹ̀, ó gbá èjìká ẹ̀ méjèèjì mú, ó ń mì ín, ó ń bi í pé ta ló kọ́ ọ, ibo ló ti gbọ́ ọ, ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, ṣé ó rẹ̀ ẹ́. Ó dì í mú débi pé ìka ẹ̀ hàn lára ọmọ. Ọmọ kejì sá lọ, kò wá ṣeré níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Agbálẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. “Ìyá Ẹ̀gà, mi ò ní tàn ẹ́. Ọ̀kan ti kú tó ò mọ̀ rí. Èyí tó o bí lo máa sọ nù báyìí.”

“Mi ò ní sọ ọ́ nù. Ṣebí mò ń ṣọ́ ọ.”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n lo ṣe ń ṣọ́ ọ.”

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gà ti ilé ìwé dé, ó bọ́ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó jókòó sórí ìbùsùn, ó sì ń ká a. Apá aṣọ ló kọ́kọ́ ṣẹ́ sínú, bí ìyá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ń kọrin sínú. Ìyá ẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bá a bẹ́ẹ̀.

Ìyá Agbálẹ̀ ní òun ò tíì gbọ́ irú igbe yẹn rí, òun kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tó máa fi sáré débẹ̀, Ìyá Ẹ̀gà ti já aṣọ gbà, ó ti fà á ya, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ ọmọ náà. “Má ká a mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, má ká aṣọ kankan mọ́. Sọ fún mi, kí lò ń sọ? Kí lò ń sọ nígbà tó ò ń ká a?” Ẹ̀gà ti fẹ̀yìn ti ògiri. Ó la ẹnu, ohunkóhun ò jáde. Ó tún la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó pa á dé.

Kò tún là á mọ́ láti fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kìíní, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, tíṣà ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ó ní ọmọ tí àwọn ń bẹ̀ pé kó dákẹ́ tẹ́lẹ̀, kò dá “Ẹ káàárọ̀” pàápàá lóhùn mọ́. Ó ń jẹun, ó ń sùn, tó bá fẹ́ nǹkan á nàka sí i. Nọ́ọ̀sì kan yẹ ọ̀fun ẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun náà. Ìyá ẹ̀ á jókòó níwájú ẹ̀, á gbé etí sún mọ́ ẹnu ẹ̀, á máa retí. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn sí i ni ọmọ náà ń fún ètè ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìyá Agbálẹ̀ ló tẹ ìyá ìyá Ẹ̀gà láago. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Ìyá Àgbà wọ ọkọ̀ odidi ọjọ́ kan kó tó dé. Obìnrin gíga kan ni, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún fọ aṣọ àwọn aláìsàn ní ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wo ọmọ ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Kí ni wọ́n fi ọ́ ṣe níbi iṣẹ́ yẹn?”

“Wọn ò fi mí ṣe nǹkan kan, Màámi. Mo kàn ń wo nǹkan ni.”

“Wíwò lásán ló jẹ ẹran ara ẹ tán báyìí? Kí lò ń wò?”

Ìyá Ẹ̀gà gbé omi wá fún un.

“Sọ fún mi. Kí lo fẹ́ rí tójú tèmi ò tíì rí? Bójú bá ń ṣepin, ojú la fi í hàn.”

“Mo ti fọwọ́ síwèé pé mi ò ní sọ.”

“Pé o ò ní sọ fún èmi tí mo bí ẹ?”

“Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, Màámi. Ìyá, bàbá, ọkọ, ọmọ. Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀.”

Ìyá Àgbà jókòó. Ohùn ẹ̀ ti rọ̀. “Ó dáa. Má sọ ọ́. Kó ẹrù ẹ, ìwọ àti ọmọ ẹ, ká jọ máa lọ sílé. Kò sí iṣẹ́ tó tó báyìí.”

“Mi ò lè fibẹ̀ sílẹ̀.”

“Nítorí kí ni?”

“Tí mo bá dìde lórí àga yẹn, ilẹ̀ ò ní ṣú kí ẹlòmíì tó jókòó síbẹ̀. Wọ́n máa kọ́ ọ kó pa ohùn, á sì pa á. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ńkọ́, Màámi? Ta ló máa gbọ́ wọn?”

“Ta ló ń gbọ́ ọmọ tìẹ?”

“Èmi náà ni.”

“Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀?”

Ìyá Agbálẹ̀ ní òun wo ojú Ìyá Ẹ̀gà nígbà náà, òun sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó dé ibi tó yẹ kó dé, kò sì rí nǹkan kan gbé ṣe níbẹ̀. Òun náà gbìyànjú. Ó rán an létí pé oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ṣì máa lé e kúrò lórí àga ọ̀hún. Ìyá Ẹ̀gà ní òun mọ̀. Ó ní nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kan lè sọ̀rọ̀.

“Nígbà náà, ọmọ á bá mi lọ,” Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n rò pé ó máa jà. Kò jà. Ó bi wọ́n bóyá omi ẹ̀rọ ń yọ dáadáa lọ́hùn-ún báyìí, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Ẹ̀gà sínú báàgì. Kò ká ọ̀kankan. Ó ń rọ́ wọn sínú báàgì bí ẹni ń rọ́ àkísà, títí báàgì ò fi ṣeé dé mọ́, tí Ìyá Agbálẹ̀ fi ní kó jókòó, kí òun bá a ṣe é.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n lọ. Ìyá Ẹ̀gà náà ti múra iṣẹ́, káàdì ilé iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀, bọ́ọ̀sì wọn á dé láìpẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ní ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ẹ̀gà, sọ nǹkan kan fún mi. Èyíkéyìí tó bá wù ẹ́. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ èèrà.”

Ọmọ náà wo ẹnu ẹ̀. Kò wo ojú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń dúró kó dẹ́kun mímì. Nígbà tó dẹ́kun, Ẹ̀gà rọra yọ ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó fi ọ̀kan bọ ọwọ́ Ìyá Àgbà.

Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà. Ìyá Ẹ̀gà tẹ̀ lé wọn ní ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin, ó dúró. “Ṣé o sọ nǹkan?” ó ké. “Ẹ̀gà! Ṣé o sọ nǹkan? Mò ń gbọ́ o!” Aránbàtà kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ẹ̀ gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sétí ọmọ náà, bóyá pé kó juwọ́ sí ìyá ẹ̀. Ọmọ náà mi orí. Báàgì kékeré tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ń gbá a ní ìdí bó ṣe ń rìn. Wọ́n kọjá òpó iná àkọ́kọ́, wọ́n kọjá èkejì, wọ́n yà sí ọ̀nà ibùdókọ̀, Ẹ̀gà kò sì bojú wẹ̀yìn.